Ibi Tí Àwòrán Ilẹ̀ Fò

Bí o bá kúrò ní Òmù-Àrán ní ìdájí,
tí o yà sọ́wọ́ òsì níbi igi ayùnré tí àrá là sí méjì,
ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè láì sọ fún ọ.
Òkúta á yọrí láàárín oko iṣu
bí ìkòkò tí ẹnìkan dojú rẹ̀ délẹ̀, tó gbàgbé.
Tí o bá wá gbọ́ òórùn èso afọ̀n tó ti rà nílẹ̀,
o ti dé Òkè-Afọ̀n.
Ilé mọ́kànlélógójì. Mo kà wọ́n lọ́dún tó kọjá.
Mẹ́tàdínlógún ló léèyàn nínú.

Odò wa kò gùn. Akéréburú lorúkọ rẹ̀.
Lẹ́ẹ̀rùn, ewúrẹ́ aboyún a fò ó kọjá;
lójò àrọ̀kúrò, ó gbé ọkọ ìyàwó kan lọ tòun ti agbádá,
wọ́n sì rí fìlà rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta
lórí ewé kókò, ó gbẹ, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ta ló tẹ ìlú dó?
Ilé Ọlọ́dẹ ní ẹran ni baba àwọn ń lé bọ̀.
Ilé Asunrin ní irin ni àwọn wá yọ nínú òkè.
Èmi gba ti Asunrin gbọ́,
torí ìdàrọ́ ṣì ń gé wa lẹ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn.
Ìtàn tó bá lè ṣá ni lẹ́sẹ̀,
kò lè ṣàìní òótọ́ díẹ̀ nínú.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin dé, abẹ́ àpáta la wọ̀.
Ẹṣin kò mọ òkúta gùn.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó dáná:
èéfín a máa tú àṣírí ju ẹnu lọ.
Títí dòní, alẹ́ ọjọ́ kan wà lọ́dún tí a kì í dáná.
Àwọn ọmọ kò bèèrè ìdí.
Wọ́n ń ra búrẹ́dì.

Baba-baba mi, Ọ̀nàọlápọ̀,
ló ń fa ẹ̀wọ̀n fún òyìnbó awọnlẹ̀.
Wọ́n wọn ilẹ̀ láti ọ̀nà rélùwéè títí dé ẹsẹ̀ òkè wa;
ibẹ̀ ni ibà ti gbé òyìnbó ṣánlẹ̀.
Ó kọ "òkúta" sínú ìwé, wọ́n sì fi àga gbé e padà.
Bí a ṣe di òkúta nìyẹn.

Mo lọ wò ó ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Ìlọrin.
Akọ̀wé Sáádù na ìka sí bébà tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ:
"Bàbá, kò sí nǹkan kan níbí."
Mo ní, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi.
Ó wo bébà, ó wò mí,
ó tún wo bébà.

Àmọ́ owó-orí kò fò wá o.
Agbowó-orí kò nílò àwòrán kó tó mọ ilé wa.

Lọ́dún tí Gánà ní ká máa lọ,
ìyá mi Ìbídùn gun òkè yẹn
pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ lórí, èmi lẹ́yìn.
Ṣọ́ọ̀bù ní Kùmásí, ó tì í, ó mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀.
Títí ó fi kú, "nsuo" ló ń pe omi,
kọ́kọ́rọ́ yẹn sì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú sàréè.

Ọmọ-ọmọ mi tẹ fóònù lánàá, ó fi hàn mí:
ewéko ṣáá, àwọ̀ kan náà, kò lórúkọ.
Mo ní kó bá mi wá bírò.
Mo ya odò sẹ́yìn ìwé owó iná,
mo ya àpáta, mo ya ayùnré olójú méjì,
ilé mẹ́tàdínlógún, mo kùn wọ́n dúdú;
àwọn yòókù, mo fi wọ́n sílẹ̀ ní fífo.
Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ gbé e.
Mo fi ìdàrọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì.